“Ayé Mà Kéré O!”: Kí Ló Dé Tí Àjèjì Fi Ń Mọ Ẹni Tí A Mọ̀?

Ọkọ̀ òfuurufú wa pẹ́ lọ́jọ́ náà. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni èmi àti ìyá àgbàlagbà kan tí n kò rí rí fi jókòó sórí àga onírin. Níbẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ ọkọ̀ tí kò dé la ń rò. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ wá ń yọ látinú ọ̀rọ̀, títí mo fi ń ròyìn bí ojú mi ṣe rí màbo lọ́wọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́, àti bí olùkọ́ wa kan ṣe máa ń fi ọwọ́ òsì kọ iṣẹ́ sójú pátákó, tí yóò sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún pa á rẹ́ tẹ̀lé e kí a tó dà á kọ tán.

Ìyá yìí dákẹ́ lójijì. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn!”

Àwa méjèèjì jọ figbe ta: “Ayé mà kéré o!” Ọkùnrin tó ń sùn níwájú wa ta jí.

Kò sí ẹni tó ti rìn díẹ̀ láyé tí kò ní irú ìtàn yìí lẹ́nu. Àwọn kan á ní àmúwá Ọlọ́run ni, àwọn mìíràn á ní àkọsẹ̀bá lásán ni. N kò ní dá sí ìjà yẹn, nítorí ìṣirò kò lè sọ ohun tí ìpàdé kan túmọ̀ sí fún ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí ìṣirò lè sọ ni ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ tó báyìí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe é yóò rí i pé bí irú rẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀ sí wa rárá ló yẹ kí á lanu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rú wa lójú ni ìbéèrè tí a ń bi ara wa. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo ń rò lọ́kàn ni pé: nínú gbogbo èrò tó wà láyé, kí ló gbé ìyàwó àbúrò olùkọ́ mi wá sórí àga tó kàn mí? Bí a bá béèrè rẹ̀ báyìí, àfi ká gbà pé ìyanu ni. Àmọ́ ta ló bá mi ta tẹ́tẹ́ lórí olùkọ́ yẹn kí n tó kúrò nílé? Ká ní ìyá yìí jẹ́ ẹ̀gbọ́n onílé tí mo ti gbé ilé rẹ̀ rí, n óò pariwo. Ká ní ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n bí wa sí, n óò pariwo. Ká ní orúkọ kan náà ni àkọ́bí wọn àti àkọ́bí mi ń jẹ́, ariwo kan náà ni. Ọ̀nà tí ẹni méjì lè gbà kan ara wọn kò lóǹkà, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì tó láti mú wa fò sókè. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ta ọfà mọ́ ògiri la ṣe ń ṣe, tó wá fi ẹfun fa òbìrìkìtì yí ojú ibi tí ọfà wọ̀ ká, tó ní, “Ẹ ò rí i bí mo ṣe ta á bá àárín?”

Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi máa ń ṣàlàyé èyí, ó sì dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo èyí tí olùkọ́ ọlọ́wọ́ òsì yẹn fi dá mi lóró lọ. Ẹ wo pápá bọ́ọ̀lù nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀: agbábọ́ọ̀lù 11 lápá kan, 11 lápá kejì, rẹfirí kan láàárín. Gbogbo wọn jẹ́ 23. Kí lẹ rò pé ó ṣeé ṣe tó, pé kí méjì nínú wọn jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà? Ọ̀pọ̀ yóò ronú pé ọjọ́ 365 ló wà nínú ọdún, kí ni ẹni 23 fẹ́ jámọ́ níbẹ̀? Síbẹ̀, ó ju ìdajì lọ díẹ̀: nǹkan bí ìgbà 51 nínú 100. Bí wọ́n bá tó 57, ó ti di ìgbà 99 nínú 100.

Àṣírí rẹ̀ ni pé ènìyàn 23 la ń rí, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni ọjọ́ ìbí ń bára mu. Ẹni kìíní lè bá 22 yòókù mu, ẹni kejì lè bá 21 tó kù mu, títí dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìso méjì-méjì tó wà nínú wọn jẹ́ 253. Ìgbà 253 ni àǹfààní wà kí nǹkan bára mu, a kò kàn fojú rí i ni.

Ẹ wá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀. Ẹ̀yin ni rẹfirí. Kí ló ṣeé ṣe tó pé kí ọ̀kan nínú agbábọ́ọ̀lù 22 yẹn ní ọjọ́ ìbí *tiyín*? Nǹkan bí ìgbà 6 péré nínú 100. Kí ó tó lè ju ìdajì lọ, ó di dandan kí ẹni 253 yí yín ká. Ẹ kíyè sí i pé 253 tún yọjú. Òun náà kò ṣèèṣì: ẹ̀ẹ̀mejèèjì, nǹkan bí ìfiwéra 253 la nílò kí ó tó dé ìdajì, ó kàn jẹ́ pé àwùjọ ènìyàn máa ń rí wọn kó jọ ní kíákíá ju ẹnì kan ṣoṣo lọ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ẹnikẹ́ni” àti “èmi pẹ̀lú lágbájá” nìyẹn. Ti èkejì ni ọkàn wa máa ń ṣírò, ti èkíní ni ayé ń ṣe.

A kì í sì í le mọ́ ara wa. Bí ọjọ́ ìbí ẹnì kan bá jẹ́ ọ̀la tiwa, a óò ṣì pariwo. Bí a bá gba irú ìyẹn wọlé, tí a ní kí ó yàtọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan péré, ènìyàn 14 ti tó kí ó ju ìdajì lọ. Bí a bá gbà kí ó yàtọ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn 7 ti tó. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, gbígbà wa tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Ọdún tí ẹ kúrò níbẹ̀ ni mo débẹ̀” tó láti fi di ọ̀rẹ́.

Ibí yìí ni ìjíròrò fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tí a kò kà sí. Àjèjì méjì tó ń tàkúrọ̀sọ kò jókòó lásán, ńṣe ni wọ́n ń wá nǹkan. Ibo lẹ ti ń bọ̀? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe? Ọmọ yín ńkọ́? Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo gbìyànjú láti ka ohun tí èmi àti ìyá yẹn ti yẹ̀ wò kí a tó kan olùkọ́ ìṣirò. Èyí tí mo rántí nínú wọn jẹ́ méje: iṣẹ́ wa, ibi tí oníkálukú ń lọ, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àìsàn ẹ̀yìn dídùn, ilé ìjọsìn, ìlú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí, àti ìbátan wọn kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Méjèèje ni kò já sí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti gbọ́ kí ẹnì kan figbe ta pé, “Háà! A kò mà jọ ṣiṣẹ́ níbì kan náà rí o!” Èyí tí kò bára mu kì í ní ohùn. Kì í sì í di ìtàn.

Ọkùnrin tí a jí lójú oorun yẹn ńkọ́? Bóyá ó mọ̀ mí ju ìyá yẹn lọ. Bóyá òun àti àbúrò mi jọ kàwé. A kò bára wa sọ̀rọ̀, n kò sì ní mọ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ẹni mọ ẹni ṣe so ayé pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, ọ̀gbẹ́ni Ithiel de Sola Pool, onímọ̀ nípa ìṣèlú ní Amẹ́ríkà, àti Manfred Kochen, onímọ̀ ìṣirò, jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí a bá mú ará Amẹ́ríkà méjì láìṣà, ìgbà kan péré nínú 200,000 ni wọ́n lè mọ ara wọn. Ó kéré gan-an. Àmọ́ ẹ bá mi ṣe é síwájú: bí mo bá mọ 1,000 ènìyàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àǹfààní kan nínú 200,000 láti jẹ́ ẹni tí àjèjì yìí mọ̀, ó ti di ìgbà kan nínú 200 kí èmi àti rẹ̀ ní ojúlùmọ̀ kan pọ̀. Ẹni tó bá bá 200 àjèjì sọ̀rọ̀ dé ìdí láàárín ọdún díẹ̀, kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí ọ̀kan bá bọ́ sí i. Bí a bá wá gbà kí ẹni méjì wà láàárín dípò ẹnì kan, Pool àti Kochen rí i pé ó ju ìdajì lọ kí okùn ti so wọ́n pọ̀. “Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyá yìí kọ́ mi níwèé” wọ inú irú okùn bẹ́ẹ̀ dáadáa.

A tilẹ̀ tún ní kí a mú wọn láìṣà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ láyé. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ kan náà ní wákàtí kan náà ti jọ ní ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sábà máa ń jọ ní ipò owó tó fara jọra, wọ́n sì gbọ́ èdè ara wọn. A ti ṣà wọ́n kí a tó jókòó.

Stanley Milgram, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kúrò lórí ìwé. Nínú ìdánwò tí òun àti Jeffrey Travers tẹ̀ jáde ní 1969, wọ́n fi ìwé lé ẹni 296 lọ́wọ́, àwọn kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska, àwọn kan ní ìlú Boston. Wọ́n ní kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ènìyàn ra ìpín ìdókòwò ní Boston. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ojúlùmọ̀ yín tí ẹ rò pé ó sún mọ́ ọn jù yín lọ, kí onítọ̀hún náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dé jẹ́ 64, àwọn tó wà láàárín sì lé díẹ̀ ní márùn-ún tí a bá pín in dọ́gba. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti mú un pé ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín ẹni méjì. Mo fẹ́ kí a rántí pé ìwé tó ju 200 lọ kò dé ibi kankan. Wọ́n ti sọ ọ́ di òfin, kò sì jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ibi tó nawọ́ sí kò jìnnà sí òótọ́: nígbà tí Facebook ṣe ìṣirò àwọn 721 mílíọ̀nù tó wà lórí rẹ̀ ní 2011, iye ẹni tó wà láàárín ẹni méjì jẹ́ 3.74 tí a bá pín in dọ́gba. Ní 2016, tí wọ́n ti di bílíọ̀nù 1.59, ó ti rẹlẹ̀ sí 3.57. Èrò ń pọ̀ sí i, ọ̀nà ń kúrú sí i. (Òótọ́ ni pé “ọ̀rẹ́” orí Facebook kì í ṣe ẹni tí yóò bá ọ gbé ẹrù.)

Báwo ni ọ̀nà ṣe ń kúrú tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdílé, ilé iṣẹ́ àti àdúgbò la máa ń rọ̀ mọ́? Duncan Watts àti Steven Strogatz, àwọn onímọ̀ ìṣirò, dáhùn èyí ní 1998. Ẹ fojú inú wo 1,000 ènìyàn tó tò yípo, tí oníkálukú mọ ẹni márùn-ún lápá ọ̀tún àti márùn-ún lápá òsì. Láti ibi kan dé òdìkejì, 100 ìgbésẹ̀ ni. Ẹ wá tú okùn díẹ̀, kí ẹ nà án gba àárín kọjá lọ bá ẹni tó jìnnà. Díẹ̀ péré ni o. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo yóò já wálẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní okùn tó jìnnà rí ti aládùúgbò rẹ̀ lò. Àbúrò kan tó kó lọ sókè òkun ti sọ gbogbo ẹbí di ojúlùmọ̀ ìlú tí wọn ò tẹ̀ rí.

Àwọn okùn tó jìnnà yìí kì í sábà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bi àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ léèrè iye ìgbà tí wọ́n ń rí ẹni náà, ó sì tẹ ìdáhùn wọn jáde ní 1973: kò tó 17 nínú 100 tó ń rí onítọ̀hún déédéé. Àwọn tó kù, ẹni ojú-mọ-ojú ni. Ọ̀rẹ́ wa àtàtà mọ ẹni tí àwa náà ti mọ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ olùkọ́ ni ìyá yẹn àti èmi fi pàdé wá yé mi níkẹyìn. Ká ní ẹnì kan kọ́ ọmọ tuntun 120 lọ́dún fún ọdún 35, ọmọ 4,200 nìyẹn, láìka òbí wọn. Ẹni tó mọ ènìyàn púpọ̀ yóò wà nínú ìwé orúkọ ènìyàn púpọ̀, nítorí náà bí ẹni méjì bá fi ìwé orúkọ wọn wéra, irú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, olórí ìjọ, oníṣòwò. Scott Feld, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, fi ìṣirò kan tó jọ ọ́ hàn ní 1991, pé bí a bá ṣírò rẹ̀ káàkiri, àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ọ̀rẹ́ jù wá lọ. Kì í ṣe ẹ̀gàn. Àwọn tó lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ ló rọrùn láti bá ṣọ̀rẹ́. Nínú ìwé 64 tó dé ọwọ́ ọkùnrin Boston yẹn pàápàá, 16 ló gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọjá, oníṣòwò aṣọ ní ìlú tó ń gbé.

Iye ìgbà tún ń bẹ. Littlewood, onímọ̀ ìṣirò ará England, ni wọ́n fi ìṣirò kan sọrí: bí nǹkan kan bá ń ṣojú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, láàárín ọjọ́ 35 ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mílíọ̀nù kan yóò wá máa ṣẹlẹ̀ sí oníkálukú wa ní nǹkan bí oṣù kan sí ara wọn. Lọ́dún 1985 àti 1986, obìnrin kan jẹ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ New Jersey lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin. Àwọn ìwé ìròyìn ní ìgbà kan nínú trílíọ̀nù 17 ni. Persi Diaconis àti Frederick Mosteller, àwọn onímọ̀ ìṣirò, tọ́ka sí i ní 1989 pé ti obìnrin yẹn fúnra rẹ̀, tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì kan-kan, ni wọ́n ṣírò. Bí a bá ní kí ó jẹ́ *ẹnikẹ́ni* nínú gbogbo àwọn tó ń ta lọ́tìrì ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún méje ó ju ìdajì lọ kí ẹnì kan jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Èmi” àti “ẹnikẹ́ni” náà ló tún dé yìí.

Ẹ̀wẹ̀, bí a ṣe ń sọ ìtàn máa ń fi iyọ̀ sí i. Ní 2001, ọmọdébìnrin kan tó tó bí ọdún mẹ́wàá ní England kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ bàlúùnù, fèrè aláfẹ́fẹ́ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ó sì jù ú sókè. Ó bọ́ síbi tó jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 225, ó sì dé ọwọ́ ọmọdébìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tòun torúkọ bàbá. Àwọn méjèèjì ní ajá dúdú, wọ́n ní ehoro. Ara mi bù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé bàlúùnù náà kò bọ́ sí ọmọ kejì lọ́wọ́. Aládùúgbò kan ló rí i, tó ka orúkọ ara rẹ̀, tó rántí pé ọmọ kan nítòsí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì gbé e lọ fún un. Orúkọ náà ló wá ọmọ náà rí. Ní ti ajá àti ehoro, ta ló ka iye nǹkan tí àwọn ọmọ méjèèjì kò fi jọra?

Èyí kò sọ pé kí á máa fọwọ́ rọ́ gbogbo kòńgẹ́ sẹ́yìn. Ìgbà mìíràn wà tí ohun tó jọ àkọsẹ̀bá ní ìdí tó fara sin. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1981, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde nípa ọkùnrin márùn-ún ní Los Angeles, tí irú òtútù àyà kan tó ṣọ̀wọ́n mú. Wọn kò mọ ara wọn. Ká ní wọ́n ti ní “ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni”, ìròyìn àkọ́kọ́ nípa àrùn AIDS ìbá ti sọnù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kòńgẹ́ àtọwọ́dá wà, òun ni mo sì bẹ̀rù jù. Àjèjì kan pè yín, ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n yín jọ kàwé, ó mọ ọdún tí ẹ ṣe ìgbéyàwó, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó fi wọlé. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ojú ewé yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi ara yín pé: ta ló kọ́kọ́ dárúkọ? Bí ó bá jẹ́ ẹnu yín ni orúkọ ti jáde tí òun kàn ní “Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an!”, ẹ bi í ní ohun tí ẹ kò tíì sọ, tí kò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá tí a jọ jókòó ló mú ìwúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì wá fúnra wọn. N kò sọ ọ́ fún wọn.

Ruma Falk, onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì, tẹ ìwádìí jáde ní 1989 tó fi hàn pé kòńgẹ́ tó ṣẹlẹ̀ sí wa máa ń jọ wá lójú ju irú rẹ̀ gan-an tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà n kò retí pé kí ara ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń kà á bù sí ìtàn olùkọ́ mi. Tèmi ṣì ń bù.

Kí wọ́n tó pè wá wọ ọkọ̀, ìyá náà gbé fóònù, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, wọ́n sì gbé e sí mi létí. Mo gbọ́ ìwúkọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo dárúkọ, mo dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, mo sọ ọdún tí a jáde, mo tilẹ̀ sọ ibi tí mo máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó fọ́. Olùkọ́ mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, “Ta ni o ní o ń jẹ́?”